Sípánà tí kò bá bóòtù mu: Ohun tí mẹkáníìkì Ìlá gbọ́dọ̀ mọ̀ kó tó fọwọ́ kan ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi

Kò sí ọ̀sà nílùú Ìlá-Ọ̀ràngún, bẹ́ẹ̀ ni kò sí òkun. Omi tó lókìkí lágbègbè ibẹ̀ ni Àyìkúnugbá tó ń já wálẹ̀ látorí àpáta l'Ókè-Ìlá, kò sì sí ẹni tórí ẹ̀ pé tó máa lóun fẹ́ẹ́ fi ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì gun ìyẹn. Bí èèyàn bá wá dúró láàárín ọjà Ìlá, tó ní ọ̀rọ̀ àtúnṣe ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi lòun fẹ́ẹ́ sọ, àfàìmọ̀ ni wọn ò ní bi í pé ṣé kò sí nǹkan.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kàn wọ́n, ó kàn wọ́n gan-an ni. Ọmọ tó kọ́ṣẹ́ mẹkáníìkì n'Ílàá kì í sábà fi gbogbo ayé ẹ̀ jókòó síbẹ̀. Tó bá ti gba fíríídọ̀mù tán, Òṣogbo lè pè é, Ìlọrin lè pè é, Èkó náà sì ń bẹ níbẹ̀ tó ń pe tọmọdé tàgbà. Nígbà tíjọba Èkó wá lé ọ̀kadà kúrò láwọn ìjọba ìbílẹ̀ mẹ́fà lọ́jọ́ kìn-ín-ní, oṣù kẹfà, ọdún 2022, ẹni tó ń fi àtúnṣe ọ̀kadà jẹun n'Íkẹjà, ní Sùúrùlérè tàbí n'Ísàlẹ̀ Èkó ní láti wá nǹkan mìíràn mọ́ ọn. Omi ló kù. Ẹ̀pẹ́ wà níbẹ̀, Ìkòròdú wà níbẹ̀, Bàdágìrì àti Mákòkó náà wà níbẹ̀, ẹ́ńjìnnì ló sì ń ti ọkọ̀ tó ń kó èèyàn àti ẹja kiri lórí omi wọn.

Ibẹ̀ ni wàhálà ti ń bẹ̀rẹ̀. Ọwọ́ ọmọ náà mọ iṣẹ́, kò sí àníàní. Àpótí irinṣẹ́ tó gbé wá láti ìlú ni kò mọ omi. Nórí ilẹ̀, bí sípánà bá yọ̀ lórí bóòtù, ọlọ́kadà á ti ọ̀kadà ẹ̀ lọ sílé, á máa ṣépè lọ lójú ọ̀nà ni. Lórí ọ̀sà, tí ẹ́ńjìnnì bá kú láàárín omi tí afẹ́fẹ́ sì ń fẹ́, kò síbi téèyàn fẹ́ẹ́ tì í lọ.

ÌBÁTAN NI WỌ́N

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi ọkàn ẹni tó ń bẹ̀rù balẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi kì í ṣe iwin. Èyí tó wọ́pọ̀ jù lọ́wọ́ àwọn ọlọ́kọ̀ wa ni Yamaha alágbára ẹṣin 40, tí wọ́n ń pè ní Enduro. Two-stroke ni. Ìyẹn ni pé wọ́n ń po ọ́ìlì mọ́ epo bẹntiróòlù kó tó wọ inú ẹ̀, kò ní fáàfù lórí bíi ti mọ́tò, tí píísítìnnì ẹ̀ bá ti lọ sókè tó sì bọ̀ nísàlẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, iná ti ṣẹ́ nínú ẹ̀ nìyẹn.

Ta ni ò mọ irú ẹ̀ n'Ílàá? Jẹnẹrétọ̀ kékeré Tiger tí wọ́n sọ ní 'I better pass my neighbour', two-stroke ni. Ẹ̀rọ táwọn agégi ń gbé wọgbó, two-stroke ni. Ọ̀pọ̀ alùpùpù táwọn bàbá wa gùn kí ọ̀kadà tó gbòde, two-stroke ni. Ẹni tó bá ti tú kabúrẹ́tọ̀ Tiger rí, tó ti fọ púlọ́ọ̀gì ẹ̀, tó ti wá okùn ìfà mìíràn sí i, ó ti mọ ìdajì ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi láìmọ̀.

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Ole Evinrude, ọmọ Norway tó dàgbà l'Amẹ́ríkà, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta irú ẹ́ńjìnnì yìí lọ́pọ̀ lọ́dún 1909. Yamaha tiwọn bẹ̀rẹ̀ lọ́dún 1960. Ẹ má fojú kéré ìtàn yìí, nítorí òun ló bí ìjà tó wà nínú àpótí irinṣẹ́. Evinrude àti Johnson, ọmọ Amẹ́ríkà, ínṣì ni wọ́n fi ń wọn bóòtù wọn. Yamaha àti Suzuki, ọmọ Jàpáánù, mìlímítà ni tiwọn. Ilé iṣẹ́ tó ń ṣe Evinrude ti dá a dúró lọ́dún 2020, àmọ́ ẹ́ńjìnnì kì í kú lọ́jọ́ tí ilé iṣẹ́ ẹ̀ bá kú. Téèyàn bá pàdé ògbólógbòó kan lẹ́yìn ọkọ̀ apẹja, tó wá ki sípánà Yamaha bọ̀ ọ́, ó ti fẹ́ẹ́ bà á jẹ́ nìyẹn.

NỌ́ŃBÀ LÓ Ń PA WỌ́N

Àwọn àgbà ní ìka ò dọ́gba. Bóòtù náà ò dọ́gba, ohun tí ọ̀pọ̀ mẹkáníìkì ò sì kà sí gan-an nìyẹn.

Ẹ gbọ́ èyí. Bóòtù tí ara ẹ̀ nípọn tó mìlímítà 6, sípánà 10 ló ń tú u, ì báà jẹ́ ti Jàpáánù, ì báà jẹ́ ti Jámánì. Ó tán níbẹ̀. Bó bá dórí èyí tí ara ẹ̀ jẹ́ mìlímítà 8, ọ̀nà pín sí méjì. Àwọn ará Jàpáánù tó ń ṣe alùpùpù àti ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ojú omi sábà máa ń fi orí 12 sí i. Àwọn ará Yúróòpù máa ń fi orí 13 sí bóòtù yẹn kan náà. Tó bá tún di ti mìlímítà 10, orí 14 ni ti Jàpáánù, nígbà tó jẹ́ pé 17 ni ti Jámánì àtijọ́.

Kí ló wá kan Ìlá nínú èyí? Ó kàn án dáadáa. Lọ́dún 1975 ni Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to mọ́tò pọ̀ ní Kàdúná, ọdún yẹn náà ni Volkswagen bẹ̀rẹ̀ l'Ékòó. Peugeot 504 àti Volkswagen alábahun ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá mẹkáníìkì ayé ìgbà náà fi kọ́ṣẹ́, àpótí irinṣẹ́ wọn sì kún fún 13. Wọ́n fi lé ọmọ iṣẹ́ lọ́wọ́, ọmọ iṣẹ́ náà fi lé tiẹ̀ lọ́wọ́. Ọ̀dọ́mọdé tó gbé àpótí ọ̀gá ẹ̀ dé ẹsẹ̀ omi á rí 13 méjì mẹ́ta níbẹ̀, kò ní rí 12 tó dáa kan. Ohun tó máa kọ́kọ́ sọ sí i lọ́kàn ni pé 13 ò ṣáà jìnnà sí 12. Ó ki 13 bọ bóòtù 12, ó gbé ara lé e, sípánà yọ̀, igun mẹ́fẹ̀ẹ̀fà orí bóòtù jẹ, ó di róbótó bí ẹ̀yà àgbàdo. Láti ìgbà náà, òòlù àti ṣísẹ́ẹ̀lì ló kù.

Ti ínṣì tún le ju ìyẹn lọ, nítorí pé ẹ̀tàn wà nínú ẹ̀. Ìdajì ínṣì jẹ́ mìlímítà 12.7. Sípánà 12 ò ní wọ̀ ọ́, 13 á wọ̀ ọ́, ṣùgbọ́n á máa mì. Ínṣì 9/16 jẹ́ 14.29. Sípánà 14 ò ní wọ̀ ọ́, 15 á sì gbòòrò jù. Àmọ́ 3/4 jẹ́ 19.05, ìyẹn ni 19 ṣe máa ń wọ̀ ọ́ bí ẹni pé ìyá kan náà ló bí wọn. Ẹni tó bá ti rí i pé 19 wọ 3/4 lẹ́ẹ̀kan, ó máa ń rò pé gbogbo wọn náà nìyẹn. Irọ́ ni.

Ìyá tó ń lọ ata àti ẹ̀gẹ́ lọ́jà mọ ìyà yìí lára, bí ò tilẹ̀ mọ orúkọ ẹ̀. Ẹ́ńjìnnì Lister àtijọ́, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ìwọ̀n Whitworth ni wọ́n fi ṣe bóòtù ẹ̀. Láti ọdún 1841 ni ìwọ̀n yẹn ti wà, kò bá mìlímítà mu, kò sì bá ínṣì Amẹ́ríkà mu. Kódà, nọ́ńbà tó wà lára sípánà ẹ̀ kì í ṣe ti ẹnu sípánà, ìnípọn ara bóòtù ló ń sọ. Tí wọ́n bá pe mẹkáníìkì ọ̀kadà wá síbẹ̀, tó bá fi vice grip bẹ̀rẹ̀, kí ìyá oníẹ̀rọ tètè fún un lómi mu, kó ní kó máa lọ.

SÍTÁÀ KÌ Í ṢE SÍTÁÀ

Súkúrù tó ní àmì àgbélébùú lórí, sítáà ni gbogbo ayé ń pè é. Ẹni tó bá sì ti ní súkúrùdíráfà sítáà kan, ó rò pé òun ti ní gbogbo ẹ̀. Bẹ́ẹ̀, oríṣi ló wà. Ti Amẹ́ríkà tí wọ́n ń pè ní Phillips àti ti Jàpáánù jọra lójú ni, wọn ò jọra nísàlẹ̀. Orí ti Phillips kì í jókòó dé ìsàlẹ̀ ihò súkúrù Jàpáánù. Téèyàn bá tẹ̀ ẹ́ tó yí i, ńṣe láá máa fò jáde, á sì máa họ ihò náà. Ọ̀pọ̀ súkúrù Jàpáánù ní àmì kékeré kan, bí ojú abẹ́rẹ́, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àgbélébùú orí wọn. Ẹni tó bá rí àmì yẹn kó mọ̀ pé ti Jàpáánù ni.

Ara kabúrẹ́tọ̀ ni ìyà yìí ti máa ń pọ̀ jù. Súkúrù tó de àwo kabúrẹ́tọ̀ Yamaha kéré, wọ́n sì máa ń há. Bí wọ́n bá ti họ orí ẹ̀, ìdọ̀tí inú epo tí ìṣẹ́jú mẹ́wàá ì bá fi kó kúrò á di iṣẹ́ ọjọ́ kan. Nínú kabúrẹ́tọ̀ ọ̀hún gan-an, jẹ́ẹ̀tì tó ń díwọ̀n epo, idẹ rírọ̀ ni. Súkúrùdíráfà pẹlẹbẹ tí ẹnu ẹ̀ bá tín-ín-rín ju ihò lọ á gé e jẹ bí eku ṣe ń jẹ iṣu. Tí jẹ́ẹ̀tì bá sì ti jẹ, epo tó ń gba ibẹ̀ ò ní bá ìwọ̀n mu mọ́, ẹ́ńjìnnì á máa mu epo ju bó ṣe yẹ lọ tàbí kó máa kú lójijì. Awakọ̀ á ní epo tí wọ́n tà fóun ni ò dáa.

Ohun tó ń gba èèyàn nínú èyí ò wọ́n jù: sítáà Jàpáánù méjì, ńlá àti kékeré, súkúrùdíráfà pẹlẹbẹ mẹ́ta tí ẹnu wọn ò dọ́gba, pẹ̀lú ìkan tó jẹ́ pé bí wọ́n bá fi òòlù lù ú lórí, á máa yí bó ṣe ń wọlé. Impact driver ni wọ́n ń pe ìyẹn. Òun ni oògùn súkúrù tó ti há.

TI PÚLỌ́Ọ̀GÌ Ń KỌ́?

Púlọ́ọ̀gì ni ohun tí wọ́n ń tú jù lára ẹ́ńjìnnì two-stroke, nítorí ọ́ìlì inú epo máa ń dì mọ́ ọn. Ọ̀kadà four-stroke tí wọ́n ṣe ní ìlànà Honda CG125, tó pọ̀ lójú títì wa, púlọ́ọ̀gì D8EA ló ń lò, sípánà púlọ́ọ̀gì 18 ló sì ń tú u. Yamaha 40, B7HS ni tiẹ̀, sípánà 21 ló ń tú ìyẹn. Ẹni tó bá gbé 18 Ìlá dé Ẹ̀pẹ́, ó gbé ọ̀bẹ lọ síbi tí wọ́n ti ń fi àdá ṣiṣẹ́.

Wọ́n á ní ṣé páláyà ò lè tú u ni? Ó lè tú u. Ó tún lè fọ́ tánganran funfun ara ẹ̀, kí iná máa gba ibẹ̀ jáde kó tó dé ibi tó ń lọ. Sípánà púlọ́ọ̀gì gidi máa ń ní rọ́bà nínú tó ń di tánganran náà mú, kò sì ní jẹ́ kí púlọ́ọ̀gì já bọ́ sómi. Ẹni tó bá ti wò ó bí púlọ́ọ̀gì kan ṣoṣo tó kù lọ́wọ́ ẹ̀ ṣe ń rì lọ sísàlẹ̀ ọ̀sà á mọ iyì rọ́bà yẹn.

Dídè é pa dà náà lọ́gbọ́n nínú. Ọwọ́ lásán ni kéèyàn fi bẹ̀rẹ̀, kó fi ọwọ́ yí i títí á fi fìdí kalẹ̀. Tó bá jẹ́ tuntun, ìdajì yíyípo ni kó fi sípánà kún un. Alumíníọ́ọ̀mù ni orí ẹ́ńjìnnì yẹn, kì í ṣe irin. Ẹni tó bá fi gbogbo agbára ẹ̀ dè é, bí ẹni pé ìlẹ̀kùn báńkì ló ń tì, ó máa họ ihò náà, owó tó máa fi tún un ṣe á sì ju ti àpótí irinṣẹ́ lọ.

OHUN TÍ KÒ SÍ NÍNÚ ÀPÓTÍ ÌLÁ

Tá a bá ti mú nọ́ńbà kúrò, ohun tó tún kù ni iyọ̀. Ẹ̀rù iyọ̀ ò ba mẹkáníìkì Ìlá, nítorí kò bá a pàdé rí. Omi ọ̀sà Èkó, pàápàá nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, iyọ̀ wà nínú ẹ̀. Bóòtù irin tí wọ́n wé mọ́ alumíníọ́ọ̀mù, bí omi iyọ̀ bá wọ àárín wọn, wọ́n á jẹ ara wọn títí wọ́n á fi lẹ̀ pọ̀. Ẹni tó bá wá fi sípánà ẹlẹ́nu gbàgà, èyí tí wọ́n ń pè ní fílátì, bẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, ojú méjì péré ló dì mú nínú mẹ́fà. Ríǹgì tàbí sọ́kẹ́ẹ̀tì onígun mẹ́fà ló yẹ, torí pé òun ló ń gbá gbogbo ojú bóòtù mọ́ra. Kí wọ́n kọ́kọ́ da ọ́ìlì tó ń wọ ìpẹta sí i, kí wọ́n fi í sílẹ̀ mọ́jú, kí wọ́n fi òòlù kékeré ta á lórí jẹ́jẹ́. Tí wọ́n bá sì ń dá a pa dà, kí wọ́n fi gíríìsì pa á lára. Gíríìsì ìka kan lónìí lè gba èèyàn lọ́wọ́ lílu ihò tuntun lọ́dún tó ń bọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kejì ni ìdí ẹ́ńjìnnì, ibi tí gíà àti abẹ̀bẹ̀ tó ń yí lábẹ́ omi wà. Ọ́ìlì wà níbẹ̀, àwọn tó ń ṣe ẹ́ńjìnnì náà sì ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ẹ̀ ní bíi wákàtí 100. Ihò méjì ló ní, ọ̀kan lókè, ọ̀kan nísàlẹ̀. Lára ọ̀pọ̀ wọn, súkúrù ńlá onílà kan ló dí i. Súkúrùdíráfà tí wọ́n fi ń tú rédíò ò lè tú u, àfi kó họ ọ́. Èyí tí ẹnu ẹ̀ fẹ̀, tó sì nípọn tó ìlà yẹn gẹ́lẹ́, ló yẹ. Nígbà tí wọ́n bá ń rọ ọ́ìlì tuntun sí i, láti ihò ìsàlẹ̀ ni wọ́n ti ń rọ ọ́ títí á fi yọ lókè, kí atẹ́gùn má baà há sínú ẹ̀. Tí ọ́ìlì tó jáde bá funfun bí ògì, omi ti wọlé nìyẹn, kò sí àdúrà tó lè gbà á, rọ́bà ibẹ̀ ni kí wọ́n pààrọ̀.

Ẹ̀ẹ̀kẹta ni rọ́bà tó ń fa omi sókè láti fi tu ẹ́ńjìnnì lára. Ọ̀kadà ò ní in, atẹ́gùn ló ń tu tiẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ bá ń ṣiṣẹ́, omi tín-ín-rín kan gbọ́dọ̀ máa tú jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀, bí ọmọdé tó ń tọ̀. Tí kò bá tọ̀ mọ́, kí awakọ̀ pa á kíá, nítorí iná ti fẹ́ẹ́ jẹ píísítìnnì. Láti pààrọ̀ rọ́bà yìí, wọ́n ní láti tú gbogbo ìdí ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ibẹ̀ sì ni bóòtù tí iyọ̀ ti jẹ ti ń dájú sọ ẹni tí sípánà ẹ̀ ò péye.

Ẹ̀ẹ̀kẹrin ni ohun tí wọ́n fi ń fa àgbá kẹ̀kẹ̀ orí ẹ́ńjìnnì yọ, flywheel ni wọ́n ń pè é. Mẹkáníìkì Ìlá mọ̀ ọ́n, ó wà lára ọ̀kadà náà. Àwọn kan máa ń fi súkúrùdíráfà gbé e, wọ́n á fi òòlù lù ú. Òòfà wà nínú àgbá kẹ̀kẹ̀ yẹn o. Bí òòfà bá sán, ẹ́ńjìnnì ò ní ní iná tó pé mọ́ láé. Fáìfà tiẹ̀, ìyẹn puller, ni kí wọ́n rà, kí wọ́n sì mọ̀ pé ti ọ̀kadà ò bá ti ọkọ̀ omi mu.

AYÉDÈRÚ Ń PARIWO, OJÚLÓWÓ DÁKẸ́

Àpótí sípánà wà lọ́jà tí irin 40 kún inú ẹ̀, tó ń dán bí dígí, tí owó ẹ̀ ò sì tó nǹkan. Ìyẹn ni wọ́n ń rà fún ọmọ iṣẹ́ tó fẹ́ẹ́ gba fíríídọ̀mù, ìyẹn náà ni àwọn olóṣèlú kan máa ń pín nígbà tí ìbò bá ń bọ̀, tí wọ́n á sì ya fọ́tò sí i. Lọ́jọ́ kìn-ín-ní tó bá pàdé bóòtù tó há, ẹnu ẹ̀ á ya bíi ti ẹja tó bọ́ sílẹ̀.

Kí wá ni èèyàn máa fi dá a mọ̀? Kó má gba ọ̀rọ̀ 'Chrome Vanadium' tí wọ́n kọ sí i lára gbọ́ nìkan, torí pé ayédèrú náà ń kọ ọ́. Kó wo bí wọ́n ṣe kọ ọ́. Ojúlówó, wọ́n tẹ nọ́ńbà wọ inú irin ni, etí ẹ̀ mọ́ kedere. Ayédèrú, kíkọ ẹ̀ máa ń rí gbágungbàgun tàbí kó jẹ́ bébà ni wọ́n lẹ̀ mọ́ ọn. Kó wo ẹnu fílátì bóyá ojú méjèèjì dúró gbọọrọ síra wọn. Kó mú bóòtù tuntun kan lọ́wọ́ lọ sọ́jà, bóòtù tó mọ nọ́ńbà ẹ̀, kó fi dán an wò. Tó bá ń mì pẹ́kẹ́pẹ́kẹ́, kó gbé e kalẹ̀. Tí ẹni tó tà á bá ní fáníà, èyí tí wọ́n fi ń wọn irin, kó wọn ẹnu ẹ̀: sípánà 10 gbọ́dọ̀ fi díẹ̀ ju 10 lọ kó lè wọlé, ṣùgbọ́n kò gbọ́dọ̀ tó 10 àti ààbọ̀.

Àjọ SON, tí wọ́n dá sílẹ̀ lọ́dún 1971, ni iṣẹ́ ẹ̀ jẹ́ láti rí i pé ọjà tó wọlé bá ìwọ̀n mu. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá dúró de SON kó tó ra sípánà, òun àti bóòtù ẹ̀ ló máa jọ jókòó sójú kan. Bóyá ní Láàdípọ̀ ni, bóyá ní Gate n'Íbàdàn ni, ojú ẹni ló yẹ kó ríran. Ọ̀pọ̀ àgbà mẹkáníìkì ló fara mọ́ tòkunbọ̀ tó dáa ju tuntun tí kò lórúkọ lọ. Sípánà Gedore ti Jámánì tàbí King Dick ti Gẹ̀ẹ́sì tó ti ṣiṣẹ́ ní 20 ọdún lọ́hùn-ún tún lè ṣe 20 mìíràn níbí. Àwọn Yorùbá ní ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á. Àmọ́ kò di dandan kí wọ́n ra 40 lẹ́ẹ̀kan náà. Ríǹgì àti fílátì 8, 10, 12, 14, 17 àti 19 tó jẹ́ ojúlówó, ó tó bẹ̀rẹ̀. Mẹ́fà tó dáa sàn ju 40 tó ń dán lọ.

OHUN TÓ GBỌ́DỌ̀ WÀ NÍNÚ ỌKỌ̀

Ti orí omi fúnra ẹ̀ ló kù, ó sì kan ẹ̀yin tẹ́ ẹ̀ ń wọ ọkọ̀ náà lọ síbi iṣẹ́. Lọ́jọ́ kejìlá, oṣù kẹfà, ọdún 2023, lágbègbè Pàtígì ní ìpínlẹ̀ Kwara, ó ju ọgọ́rùn-ún èèyàn lọ tó kú sómi nígbà tí ọkọ̀ tó ń kó wọn bọ̀ láti ibi ìgbéyàwó dojú dé. Ẹ jẹ́ kó yé wa o, kì í ṣe sípánà ló fa ìyẹn. Èrò tó pọ̀ jù àti igi inú omi ni wọ́n sọ pé ó fà á. Ohun tí ọjọ́ náà fi hàn ni pé omi kì í dárí jini. Ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì ẹ̀ bá kú, ìgbì àti afẹ́fẹ́ ló ń darí ẹ̀, tó bá sì lọ kọ lu igi, kò sẹ́ni tó máa bi í pé ṣé bóòtù ló yọ̀ ni àbí èrò ló pọ̀.

Ìdí nìyẹn tó fi yẹ kí àpò kékeré kan wà lábẹ́ ìjókòó awakọ̀, àpò tí omi ò lè wọ̀. Sípánà púlọ́ọ̀gì 21 kan, púlọ́ọ̀gì tuntun méjì. Ríǹgì 10, 12 àti 14. Páláyà kan. Sítáà Jàpáánù kan, pẹlẹbẹ kan. Pín tó ń di nọ́ọ̀tì abẹ̀bẹ̀ mú, méjì tàbí mẹ́ta, nítorí tí ìyẹn bá já, abẹ̀bẹ̀ lè bọ́ sómi. Okùn ìfà mìíràn, nítorí tí tòkè bá já, wọ́n lè tú ìdérí ẹ̀, kí wọ́n wé okùn mọ́ àgbá kẹ̀kẹ̀, kí wọ́n fi fà á. Kí wọ́n má sì gbàgbé okùn pupa kékeré tí wọ́n ń so mọ́ ọwọ́ awakọ̀. Bí pèpéle ẹ̀ bá bọ́ kúrò lára ẹ́ńjìnnì, ẹ́ńjìnnì ò ní gba iná, awakọ̀ tí ò rántí á kàn máa fa okùn títí apá ẹ̀ á fi ro ni.

Ẹni tó bá fẹ́ẹ́ wọkọ̀, kó tó wọ̀ ọ́, kó wo omi tó ń tọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ́ńjìnnì. Kó bi awakọ̀ pé àpò irinṣẹ́ ẹ̀ dà. Tó bá jẹ́ páláyà kan àti òòlù kan ló fi hàn án, kó dúró de ọkọ̀ mìíràn. Kó sì rí i pé wọ́n fún òun ní jákẹ́ẹ̀tì tí kì í jẹ́ kéèyàn rì, kó tó jókòó.

ỌMỌ ÌLÁ MỌ ỌNÀ IGBÀ

Ó wá ku ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá tó ń kọ́ ọmọ níṣẹ́. Ìlú adẹ́mu ni Ìlá, kò sẹ́ni tó máa kọ́ wọn ní ohun tí irinṣẹ́ jẹ́. Adẹ́mu kì í yá igbà ẹlòmíì gun ọ̀pẹ. Igbà tiẹ̀ ló mọ bó ṣe ń dì, òun ló ń yẹ̀ ẹ́ wò láràárọ̀, tó bá rí fọ́nrán kan tó já, á gbé e sọ nù, nítorí ó mọ̀ pé ilẹ̀ jìnnà. Irú ìmọ̀ yẹn gan-an ni kí wọ́n gbé wọ inú ṣọ́ọ̀bù mẹkáníìkì.

Kí ọ̀gá má fi nọ́ńbà sípánà sílẹ̀ fún ọmọ iṣẹ́ láti mọ̀ fúnra ẹ̀. Kó kọ́ ọ ní mìlímítà àti ínṣì, kó fi bóòtù 12 àti 13 hàn án lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Tí ọjọ́ fíríídọ̀mù bá sì ń bọ̀, kí àwọn òbí dín aṣọ ẹbí àti kúlà kù díẹ̀, kí wọ́n fi owó yẹn ra ríǹgì mẹ́fà tó jẹ́ ojúlówó. Wọ́n á gbàdúrà sí irinṣẹ́ yẹn lọ́jọ́ náà, pásítọ̀ á gbàdúrà, àlùfáà á gbàdúrà. Àdúrà dáa, ṣùgbọ́n sípánà tí ẹnu ẹ̀ bá ti ya, àmín kò lè dí i pa dà. Ọmọ tó bá gbé mẹ́fà gidi kúrò n'Ílàá, ì báà gba Òṣogbo, ì báà gba Ẹ̀pẹ́, á jẹun. Ẹni tí wọ́n gbé ẹ́ńjìnnì wá bá náà á sì dé ilé ẹ̀ láyọ̀.